Àwa Méjì Lórí Ìlà Kan

4 Bélú, Ọjọ́ Ajé

Ìkejì mi gba ímeèlì kẹta lónìí. Ilé ìwòsàn kẹta nìyẹn ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Èmi kò tíì rí ẹyọ kan. A wà níbi tí a ti ń dúró ra búrẹ́dì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, ó wò ó fìrí, ó sì fi í sápò bí ẹni tó jí nǹkan.

Mo ní, "Mú un wá kí n rí i."

Ó ní, "Àwọn tó ń polówó ọjà ni."

Ẹni tí ẹ jọ gbé inú kan náà kò ṣeé purọ́ fún. Mo gba fóònù náà, mo kà á, mo sì dì mọ́ ọn láàárín èrò. Inú mi dùn, n kò ṣe àṣehàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àyà mi wá ń já, kò sì tíì dáwọ́ dúró títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Torí rẹ̀ ni mo fi ra ìwé yìí. Bí mo bá ń sọ ẹ̀rù mi jáde lẹ́nu, Ìyá wa á gbọ́, oorun á sì dá lójú rẹ̀. Kí ìwé máa bá mi gbé e.

7 Bélú, Ọjọ́bọ̀

Ìyá wa pè wá sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní kí a tún ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé, pé àwọn oníbàárà òun ń bi òun léèrè, òun ò sì fẹ́ máa dáhùn bí ẹni tí kò mọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe.

Ìkejì mi ló dáhùn. Òun ló lẹ́nu. "Màámi, a ti di dókítà níbí. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àfi kí a tún kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn wọn, rẹ́sídẹ́ǹsì ni wọ́n ń pè é, ọdún mẹ́ta gbáko. A ti ṣe ìdánwò wọn. Ní báyìí, ilé ìwòsàn tí a bá wù á pè wá fún ìntáfíù. Tó bá yá, àwa á to àwọn ilé ìwòsàn bí wọ́n ṣe wù wá sí, àwọn náà á to àwa. Kọ̀ǹpútà á wá so àwọn tó bá fẹ́ra wọn pọ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì wá ńkọ́?"

"A ti so orúkọ wa pọ̀ bí ẹ ṣe ní ká ṣe. Orí ìlà kan náà la máa wà: ibi tèmi, ibi ti Ẹ̀gbọ́n. Kọ̀ǹpútà ò lè mú ọ̀kan nínú ìlà kó fi ìkejì sílẹ̀. Tí ò bá gba ìlà yẹn lódindi, á bọ́ sórí èyí tó kàn."

Ìyá wa fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ó rán apá aṣọ kan débi tó parí sí, ó gé òwú. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ wá ni. Mi ò bí yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

Ìkejì mi ló kọ́kọ́ dé ayé, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Ohun tí kò sọ fún Ìyá wa ni pé bí ilé ìwòsàn kankan kò bá pè mí, kò sí ìlà tí a máa rí kọ. Gbogbo ìdánwò wọn ló yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmì rẹ̀ sì ga. Èmi fìdí rẹmi nínú ti àkọ́kọ́ kí n tó padà lọ gbà á. Wọ́n ní púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn náà ló máa ń ní kí kọ̀ǹpútà yọ ẹni tó bá ti fìdí rẹmi rí dànù, kí ojú ènìyàn kankan tó kan orúkọ rẹ̀. Ẹrù èmi yìí ni ó gbé lérí.

13 Bélú, Ọjọ́rú

Ooru mú. Kò sí ímeèlì. Mo ti lọ yẹ fóònù wò nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ́ọ̀dù tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì àgbà fi bi mí bóyá inú ń run mí.

19 Bélú, Ìṣẹ́gun

Ó dé! Ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ó dé.

Mò ń wá iṣan lọ́wọ́ ọmọ jòjòló kan láti fa omi sí i lára nígbà tí fóònù gbọ̀n lápò mi. Mo mọ̀ pé òun ni. Bí mo ṣe mọ̀, n kò lè sọ. Ojú mi kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà, ó lọ sí àpò mi. Ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà Má-sùn lẹ́yìn rẹ̀, dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Bóyá wọ́n pè mí, sà."

"Ọmọ yìí ò tíì lọ Amẹ́ríkà. Ọwọ́ rẹ̀ lo dì mú."

Mo mí kanlẹ̀, mo rí iṣan náà, mo ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ dáadáa. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ ka ímeèlì. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni, ní ìlú àwọn àgbẹ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé wọn ló pè mí. Ẹ̀ka ìtọ́jú àgbàlagbà wọn wà lára àwọn mẹ́ta tó pe Ìkejì mi! Ìyẹn ni pé ìlà kan wà lágbàáyé tí àwa méjèèjì lè jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Mo sá lọ bá a ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, a fò sókè bí ọmọdé lójú àwọn aláìsàn. Bàbá arúgbó kan lórí ibùsùn ní kí a rọra, pé ojú òun ló ń rí méjì.

Ó ku kí n má ba ẹyọ kan náà jẹ́.

30 Bélú, Àbámẹ́ta

A fi ìntáfíù dánra wò. Ìkejì mi gbé gíláàsì Ìyá wa sójú, ó jókòó bí adájọ́.

"Sọ fún mi nípa ara rẹ."

"Àwa méjì ni ìyá wa bí, ìkejì mi ni—"

"Ṣé ìkejì rẹ ni mo bi ẹ́?"

A tún un ṣe títí ohùn mi fi há. Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń bá a já. Ó bọ́ gíláàsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, jọ̀ọ́, ojú ń tì mí fún ẹ."

3 Ọ̀pẹ̀, Ìṣẹ́gun

Owó dátà tún ti lọ sókè. Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wa kì í sì í dúró: lánàá, ojú Ìkejì mi ló dì gbagidi lórí kọ̀ǹpútà ní àárín ìntáfíù rẹ̀ kẹrin, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, fún ìgbà pípẹ́. Dókítà Má-sùn ní kí a máa lo ọ́fíìsì òun, pé íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má dúpẹ́, kí n má sùn ni.

16 Ọ̀pẹ̀, Ọjọ́ Ajé

Ìkejì mi ṣe ìntáfíù ti ilé ìwòsàn ìlú àwọn àgbẹ̀ lónìí. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó jáde, ó ní ó dùn bí ẹni ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Èyí tó kù di tèmi.

9 Ṣẹrẹ, Ọjọ́bọ̀

Mo lálàá pé wọ́n bi mí ní orúkọ mi, mo sì gbàgbé rẹ̀.

14 Ṣẹrẹ, Ìṣẹ́gun

Mo ti bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kó tó di pé ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí jù.

Obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló bá mi sọ̀rọ̀, dókítà ọmọdé ni, òun ni olórí ẹ̀ka náà. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó bi mí nípa ìdánwò tí mo ti fìdí rẹmi, mo dáhùn bí a ṣe kọ́ ọ, n kò kólòlò. Ó wá ní, "Sọ ìgbà kan fún mi tí iṣẹ́ le ju agbára yín lọ."

Orí mi ṣófo. Gbogbo ohun tí a ti fi dánra wò pòórá. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni ti ọdún tí ìgbẹ́ gbuuru kọlu àwọn ọmọ ibùdó àwọn tí ìkún omi lé kúrò nílé, tí wọ́n kó wa lọ síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Ìkejì mi ṣe pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà mẹ́ta, bó ṣe bá àwọn ọkùnrin tó fẹ́ jà sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lọ pọn omi, bó ṣe rí iṣan níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Mò ń sọ ọ́, inú mi ń dùn. Ẹni bá rí mi á rò pé alágbàwí ni wọ́n fi mí ṣe.

Obìnrin náà ní, "Ìwọ wà níbo nígbà tí ó ń ṣe gbogbo èyí?"

"Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mà. Èmi ni mò ń gbé àwọn ọmọ náà mọ́ra kí wọ́n má bàa jà, mo sì ń fi ṣíbí fún wọn lómi."

"Ọmọ wo?"

"Gbogbo wọn, mà. Ìyá àwọn mìíràn ń ṣàìsàn lọ́wọ́."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo rí i pé ẹ̀yin méjèèjì so orúkọ yín pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn yìí lè gbà ńkọ́?"

Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó ronú. Mo ní, "Ẹ gba òun, mà."

Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí mo rántí pé ẹ̀ka àgbàlagbà ni Ìkejì mi ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin yìí kò lè gbà á bó tilẹ̀ fẹ́. Mo gbé àyè tèmi fún ẹni tí kò lè jókòó níbẹ̀.

Mo sọ fún Ìkejì mi nígbà tí a délé. Inú bí i débi pé kò lè jókòó.

"Wọ́n ní kó o wá ta ọjà rẹ, o wá ń polówó tèmi! Ṣé mo bẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kẹ̀! Ẹ̀rù ló ní kó o lé ara ẹ dànù? Ẹyọ kan ṣoṣo tó o ní, Ẹ̀gbọ́n! Ẹyọ kan ṣoṣo tí àwa méjèèjì ní!"

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Yàrá kan náà la jọ ń sùn. Mo jókòó sí pálọ̀, Ìyá wa bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní orí ń fọ́ ọ.

22 Ṣẹrẹ, Ọjọ́rú

Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà. Ó fi ẹran tirẹ̀ sínú abọ́ mi lálẹ́ àná. Báyìí la ṣe máa ń parí ìjà.

8 Èrèlè, Àbámẹ́ta

Ìntáfíù ti parí. Òun ní méje. Èmi ní ẹyọ kan tí mo ti fọwọ́ ara mi bà jẹ́.

A jókòó láti to àwọn ìlà. Àkọ́kọ́ ò ṣòro: àwa méjèèjì ní ìlú àwọn àgbẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà ò ṣòro: èmi níbẹ̀, òun ní àwọn mẹ́fà yòókù, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Mo wá ní kí a tún fi àwọn ìlà mìíràn sí i nísàlẹ̀. Àyè wà láti kọ òfo sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹnì kan, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n gba ìkejì rẹ̀ nìkan.

Mo ní, "Kọ ibi méjèèje tìrẹ, kí o kọ òfo sí tèmi."

"Mi ò kọ ọ́."

"Tí wọn ò bá gbà mí, wọn ò ní gba ìwọ náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ ẹ?"

"Mo ní mi ò kọ òfo sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ. Ṣé o ti ya wèrè ni?"

N kò sọ òtítọ́ fún un tán. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá wà. A jọ lọ ilé ìwé, a jọ kọ́ṣẹ́, ìgbà tí ibà dá òun wó ní ọdún kẹta, èmi náà dùbúlẹ̀. Bí ó bá lọ, ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní mọ ẹni tí mo jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó nítorí mi, a máa jọ dàgbà nínú ilé yìí, kò ní bú mi láéláé, màá sì máa wò ó bí kò ṣe ń bú mi. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù.

23 Èrèlè, Àìkú

Mo sọ ọ̀rọ̀ òfo náà fún Ìyá wa. Ó kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń gé aṣọ. Ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń gún wọn mọ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣófo tán, ó ní:

"Nítorí tèmi lẹ ṣe so orúkọ pọ̀."

"Àwa náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, Màámi."

"Ta ló máa kù sílẹ̀?"

"Èmi."

Ó wò mí títí. "Ẹ̀rù ò bà ẹ́?"

Mo ní kò bà mí.

"Irọ́ lò ń pa," ó ní. "Pè é wá."

Ìkejì mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti mọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ìyá wa ní, "Kọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní kó o kọ. Kí ọ̀kan nínú yín débẹ̀ sàn ju kí méjèèjì jókòó sójú mi kí wọ́n máa ṣẹ́jú. Ẹni tó bá sì kù, ọmọ mi ni." Ó kó abẹ́rẹ́ padà sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

4 Ẹrẹ́nà, Ìṣẹ́gun

Ìkejì mi gbà, ṣùgbọ́n ó lọ́ ọ. Ó ní tí òun bá máa kọ òfo sí tèmi, àfi kí n kọ òfo sí tòun náà: ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá, èmi ní ìlú àwọn àgbẹ̀, òun lófo.

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. "Ta ló fẹ́ mú mi kó fi ìwọ sílẹ̀?"

"Kọ ọ́. Mi ò ní jẹ́ kó rí bí ẹni pé èmi nìkan ló lè lọ."

Mo kọ ọ́ kí ó lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ lórí ìlà yẹn, òun nìkan ni kò bà mí lẹ́rù nínú gbogbo wọn.

5 Ẹrẹ́nà, Ọjọ́rú

A ti fi ránṣẹ́. Òjò rọ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè yí padà mọ́.

16 Ẹrẹ́nà, Àìkú

Ọ̀la ni wọ́n máa sọ ẹni tí wọ́n gbà àti ẹni tí wọn ò gbà. Ibi tó jẹ́, ó di ọjọ́ Ẹtì. Ìyá wa ti fọ aṣọ tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìkejì mi ní kí a pààrọ̀ fóònù lọ́la, kí oníkálukú ka ti ẹnì kejì, pé ojú òun ò lè gbé tòun. Mo gbà.

17 Ẹrẹ́nà, Ọjọ́ Ajé

Yàrá kékeré tí a ń kó oògùn sí ní wọ́ọ̀dù la lọ. Fóònù méjèèjì gbọ̀n pọ̀. Mo di tirẹ̀ mú, ó di tèmi mú, a fẹ̀yìn ti ògiri.

Mo ka tirẹ̀. Wọ́n ní ó dùn wọ́n. Mo tún un kà. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀. Ilé ìwòsàn méje ló bá a rẹ́rìn-ín, kò sí ọ̀kan tó mú un.

Ó wá sí mi lọ́kàn pé ó ti tán fún àwa méjèèjì. Mo gbójú sókè láti sọ fún un, mo rí i pé ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n! Wọ́n gbà ẹ́! Wọ́n gbà wá!" Mo kàn di fóònù rẹ̀ mú. Ó wò mí, ó sì rí i lójú mi. Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ.

Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n mú.

Ó sọ pé, "Ó dáa," bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó nu ojú mi kó tó nu tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ilẹ̀kùn, ó ní ọmọ ibùsùn kẹrin ń gbóná.

Mo lọ. Ara ọmọ náà gbóná ní tòótọ́.

20 Ẹrẹ́nà, Ọjọ́bọ̀

Àwọn àyè díẹ̀ kan ṣẹ́kù káàkiri, wọ́n fún àwọn tí wọn ò gbà ní ọ̀sẹ̀ yìí láti tún bẹ̀bẹ̀. Mo bá a kọ ọ́, mo bá a fi ránṣẹ́, mo jókòó tì í. Gbogbo rẹ̀ ti tán nírọ̀lẹ́ yìí. Ẹnikẹ́ni ò pè é.

Mo bi í bóyá ó ń bínú sí mi. Ó ní, "Mò ń bínú. Kì í ṣe sí ẹ." Ó tún ní, "Sí ẹ náà, díẹ̀." Ó sàn lára mi pé ó sọ ọ́.

21 Ẹrẹ́nà, Ẹtì

Wọ́n dárúkọ ibẹ̀. Ìlú àwọn àgbẹ̀ ni, níbo ni ì bá tún jẹ́? Obìnrin onírun funfun náà kọ ímeèlì sí mi fúnra rẹ̀, ìlà méjì. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa gbé àwọn ọmọ náà mọ́ra.

Dókítà Má-sùn gbọ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó fẹ́ dá àpárá rẹ̀, ó wojú mi, ó sì fi í sílẹ̀.

Oṣù Òkúdù ni wọ́n ń retí mi. Ìyá wa sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ lónìí. Ó ń yọ̀, ó sì ń wo ojú Ìkejì mi lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́, mo bá a nídìí ẹ̀rọ, kò rán nǹkan kan. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Ó ní, "Mo mọ̀. Ó ń ba èmi náà."

22 Ẹrẹ́nà, Àbámẹ́ta

Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, mo bá àpótí ńlá lórí ibùsùn, ó ṣí sílẹ̀. Láti ìgbà tí a ti fi àwọn ìlà náà ránṣẹ́ ni Ìyá wa ti ní kí a máa kó aṣọ sí i, apá ọ̀tún tèmi, apá òsì ti Ìkejì mi.

Ìkejì mi ti kó tirẹ̀ kúrò. Ó tún tèmi ká, ó sì tẹ́ wọn káàkiri dé apá méjèèjì, kí n má bàa rí ibi tó ṣófo.

Mo ní, "Mi ò tíì sọ pé mò ń lọ."

Ó ní, "Ta ló bi ẹ́?"

Ó pa àpótí náà dé. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e kó tó dé.